Mo Pa Orúkọ Rẹ̀ Rẹ́ Lára Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, tí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di àìpẹ́ yìí. Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Lóṣù tó kọjá ní ìlú Oǹdó ni mo rí ẹni tí mo ṣẹ̀, ohun tó sọ fún mi níjọ́ náà kò sì jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin ló dá a sílẹ̀, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Èmi àti ọkùnrin kan la jọ ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Akin. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ Oǹdó ni. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, nítorí náà "ẹ̀gbọ́n" ló máa ń pè mí.

Nǹkan le lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, epo mọ́tò sì wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dín kù. Àwọn olùkọ́ tó ń gbé lọ́nà jíjìn ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́, a kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́.

Ètò tó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà wa nígbà náà, ayédèrú ni. Ẹnì kan ló bá wa fi síbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tó yá, fáírọ́ọ̀sì wọ̀ wọ́n, kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án sì dákú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Màmá pe èmi àti Akin sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá ìjọ ni mí. Mi ò lè máa fi ohun tí a jí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Linux, pé àwọn tó ṣe é fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ lọ wo èyí tí a lè máa fi tún fọ́tò ṣe lórí rẹ̀, àti èyí tí a ó máa fi ya àwòrán ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì kọ ìwé tí àwọn ọmọ á fi kọ́ ọ."

Èmi àti Akin ló rán níṣẹ́. Akin nìkan ló jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n sọ ìyẹn bó ṣe rí. Mo lọ́mọ méjì, ìjọba ìbílẹ̀ kò tíì san owó oṣù ọkọ mi, mo sì ń lọ kọ́ni nílé àwọn èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́. Mo sọ fún Akin pé kó bẹ̀rẹ̀, pé mo ń bọ̀ wá bá a. Mi ò lọ bá a.

Ó lé ní oṣù kan tó fi ń dán wọn wò. Kọ̀ǹpútà tó lọ́ra jù lọ nínú yàrá náà ló jókòó sí. Fọ́tò kan ṣoṣo, ti ọmọbìnrin kan tó wé gèlè, ló ń fi dán gbogbo ètò náà wò. Ó ń kọ sílẹ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó ṣí, bóyá ó ń dákú, bóyá ó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kàn mú èyí tó rẹwà jù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹwà la ń wá. Èyí tí kọ̀ǹpútà wa lè gbé ni. Èyí tí ọmọ lè mú lọ sílé, kó fi sórí kọ̀ǹpútà àlòkù bàbá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé ta ló fún un láṣẹ."

Níkẹyìn, ó mú GIMP fún títún fọ́tò ṣe, ó sì mú Flameshot fún yíya ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní ohun tó jẹ́ kóun mú èyí kejì ni pé téèyàn bá ti ń ya àwòrán náà, ibẹ̀ náà lèèyàn ti lè fa ọfà sí i, kó sì fi nọ́ńbà tẹ̀ lé e, láìṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣí ètò mìíràn.

Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ya àwòrán rẹ̀, tó fi ọfà pupa tọ́ka sí ibi tí ọmọ máa tẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló fi ṣí kọ̀ǹpútà náà, torí náà, orúkọ náà ń hàn lókè ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán yẹn, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ orúkọ fódà tí fọ́tò wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Furaidé kan ni wọ́n pè é láti Oǹdó pé bàbá rẹ̀ ṣubú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń sáré lọ sí gáréèjì nígbà tó fi fláàṣì tó kó ìwé náà sí lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Màmá ní Mọ́ńdè. Ó ti parí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni akọ̀wé Màmá sọ fún mi pé nínú àwa méjèèjì, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ìwé yìí ni Màmá fẹ́ fi mọ ẹni tó máa mú.

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, mo lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án. Mo ṣí GIMP. Irinṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mú ibi tó mọ́ lára àwòrán, téèyàn á fi bo ibi tí kò fẹ́ kó hàn. Akin fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Àwòrán mọ́kànlélógójì ni. Mo kà wọ́n. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, mo sì kọ tèmi. Nígbà tí mo parí, mo nu kọ̀ǹpútà tó ń lò, mo fi Linux tuntun sí i, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò lò ó rí.

Mi ò kánjú; mo tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn náà.

Ní Mọ́ńdè, Màmá ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo èyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Akin ńkọ́?"

Mo ní, "Ọkàn rẹ̀ ò sí níbí, mà. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn."

Òótọ́ ni pé bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yẹn rọrùn láti gbà gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Akin sin bàbá rẹ̀ tán, ó padà dé. Lẹ́tà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é lọ́fíìsì. Ó kà á lórí ìdúró, ó ká a, ó sì fi í sápò. Ó wá bá mi ní kíláàsì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màmá rí iṣẹ́ yẹn?"

Mo ní fláàṣì náà kò ṣí. Mo ní ó dà bíi pé ó bà jẹ́, pé èmi ni mo wá jókòó kọ òmíràn.

Ó ní, "Ẹ kú wàhálà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Èmi ni mo kó yín sí i."

Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka wa. Wọ́n tẹ ìwé náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì gbà á lọ́wọ́ wa. Wọ́n pè mí lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín láti wá fi kọ́ àwọn olùkọ́. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe lè mọ fọ́tò tí wọ́n ti yí, ọmọbìnrin kan bá na ọwọ́. Ó ní, "Mà, àwòrán inú ìwé wa yìí, ó dà bíi pé wọ́n lẹ nǹkan mọ́ òkè rẹ̀." Mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó. Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Lóṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan ní Oǹdó ní kí n wá bá àwọn olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà nítòsí tó ń fi ìwé mi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, pé inú rẹ̀ máa dùn láti rí mi. Kí n tó rí nǹkan sọ, ó ti mú mi débẹ̀.

Akin ni. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní, ibi tó ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ó ti rù. Kọ̀ǹpútà àlòkù méjì wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ márùn-ún sì pagbo yí wọn ká. Ìwé náà wà níwájú wọn, fọ́tòkópì ni.

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi níwájú àwọn ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi o. Àwọn ló kọ ìwé tí ẹ̀ ń kà yìí." Àwọn ọmọ náà kí mi.

Ó wá ṣí ìwé náà, ó sì sún mọ́ mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ náà ò lè gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ìwé kẹtàlélógún. Ọfà kejì yẹn kò tọ́ka síbi tó yẹ. Àwọn ọmọ máa ń ṣìnà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣì í nígbà yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò bú mi. Kò fi ojú burúkú wò mí. Ó ra ohun mímu fún mi, ó sì bi mí léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dáhùn. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Ó mọ̀ látìgbà tó ti kọ́kọ́ rí ìwé náà. Ta ni kì í mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀? Mi ò mọ iye ọdún tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti inú rẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní tèmi.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà kò bínú, pé tí mo bá lọ bá Màmá, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ mi, a ò sì mọ ohun tí a máa jẹ. Ó ní tí mo bá lọ bá Akin, mo kàn fẹ́ lọ tú egbò rẹ̀ ni.

Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀. Màmá ti ní kí n múra àtúntẹ̀ ìwé náà sílẹ̀ kó tó di pé sáà tuntun wọlé, kí n sì fi fọ́tò mi sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá nínú Màmá àti Akin? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Akin ni, kí ni kí n sọ tí mo bá kúnlẹ̀? Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀, ẹni tó ń bínú ni wọ́n ń fi bẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí kò bínú.