Lẹ́tà Méjì Tí Mo Fi Fáìlì Pa Rẹ́ Lára Ẹ́ńjìnnì

Ẹ má gbé àga mi sún sẹ́yìn. Ibi tí ẹ gbé mi sí yìí gan-an ni mo fẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí a máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí láti tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti fẹ́ dákẹ́. Ẹni tó bá sì ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ikú lẹ́nu ọ̀nà kò gbọdọ̀ máa fi àkísà bo òkú ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ ti ń pè mí ní Bàbá Mẹkáníìkì, tí ẹ ń kí mi kí ẹ tó kí ara yín. Apànìyàn ni ẹ ń kí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ má sì bá mi sunkún.

Èmi àti Elétí la jẹ́ olórí mẹkáníìkì ọgbà yìí nígbà náà. Mo fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Elétí la ń pè é nítorí pé bó bá ti fi orí sípánà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, tó sì gbé etí lé ìdí rẹ̀, yóò sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń jowú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé méjèèjì kì í gbé inú ọkàn kan. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Ọ̀gá tó ni àwọn bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tuntun sí bọ́ọ̀sì kan. Sùúrù la ń pe ẹni tó ń wà á, torí pé bó bá ń wakọ̀ lọ, ìgbín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọn fèrè fún un pé kó yà lọ́nà. Irú ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà lọ́jà, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ méjì ló ń rọ ọ́. Ọ̀kan wà ní ìlú olótùútù, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èkejì wà ní ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ náà dé. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Lẹ́tà méjì tó ṣáájú nọ́ńbà tí wọ́n gbá sára irin rẹ̀ ló ń sọ ibi tí wọ́n ti bí i.

Elétí sọ fún Ọ̀gá pé, "Ti ilẹ̀ olóoru ni kí ẹ rà, sà. Àwọn tó rọ ọ́ mọ ohun tí oòrùn ń fojú irin rí. Wọ́n fẹ ọ̀nà tí omi ń gbà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi àyè díẹ̀ sáàárín písítìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ àti ògiri tó yí i ká, kó lè ríbi wú sí bó bá gbóná. Ti ìlú olótùútù fún pinpin. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, kò sí èyí tó dáa tó o. Lórí òkè tiwa yìí, yóò há." Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo ní, "Ọmọ àná fẹ́ kọ́ bàbá rẹ̀ ní ìrìn. Iléeṣẹ́ tó ti ń rọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí bàbá mi, òun lo ní kò mọ̀ ọ́n rọ. Èyí tí ò ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe òun ló ń jo ọ́ìlì nídìí bí ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú?" Kò bínú. Ó ní, "Ó ń jo, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ibi tó ń jo, a lè fọwọ́ ara wa dí i. Ta ni nínú wa tó lè fọwọ́ fẹ ògiri irin?" Gbogbo ọgbà fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó gba ìmọ̀ràn rẹ̀, ó sì ní kí èmi tí mo dàgbà jù lọ gbé ẹ́ńjìnnì náà wá.

Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì. Méjèèjì wà níbẹ̀, iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n, nítorí náà ẹ má wá owó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti ìlú olótùútù ni mo gbé. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ mọ́ra, mo fi fáìlì, irin eléyín tí a fi ń ha irin, ha lẹ́tà méjèèjì dànù, mo gbá méjì mìíràn sójú rẹ̀, mo sì fi ọ̀dà pa á. Èrò mi ni pé kí ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí n wá pe gbogbo yín jọ, kí n ha ọ̀dà náà, kí ojú ti Elétí lójú gbogbo ayé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé etí lé e, ó fajú ro. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn rẹ̀ ń fún." Mo ní etí rẹ̀ ló ń hó. Mo ṣì lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Òjò ṣì ń rọ̀, òkè ṣì tutù, kò tíì sí ẹni tó kú.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì náà há ní kọ́nà kẹta lórí òkè. Obìnrin kan tó yè é sọ fún wa pé ọkọ̀ náà gbọ̀n bí ẹni pé ó kọ lu ògiri, ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Sùúrù fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde dúró lórí bíréèkì, ṣùgbọ́n bíréèkì ti le bí òkúta, torí pé lára ẹ́ńjìnnì ló ti ń rí agbára. Obìnrin náà ní Sùúrù kò pariwo. Ó kàn ń sọ fún ọkọ̀ náà pé, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́," títí wọ́n fi re sínú ọ̀gbun. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, Sùúrù náà sì wà lára wọn. Èmi yìí wà lára àwọn tó lọ kó wọn. Ìdarí ọkọ̀ ti wọ àyà Sùúrù, irin la fi ayùn gé kí a tó rí i fà jáde. Mo gbé ẹsẹ̀ kan tó ṣì wọ bàtà, n kò mọ ẹni tó ni ín. Mo mọ ẹni tó pa wọ́n, mo sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ́ àfọ́kù ọkọ̀ náà wá síbí. Elétí tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó bá písítìnì tó lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni pé wọ́n jó o pọ̀. Ó rọ epo sí àkísà, ó nu ojú nọ́ńbà. Ọ̀dà ṣí, ojú fáìlì sì hàn. Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ha ibí?" Ibi tó ti ń wò mí ni àwọn ẹbí òkú ti ya wọlé pẹ̀lú igi àti irin lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, alápatà, ló ṣáájú wọn. Ó béèrè pé, "Ta ló gbé ẹ́ńjìnnì yìí sínú ọkọ̀ àbúrò mi?" Elétí ní, "Èmi ni mo gbé e sí i, ṣùgbọ́n ẹ wá wo ibí..." Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ o, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo kìlọ̀ fún un títí ó fi sú mi. Ayédèrú ló gbé sí i."

Wọ́n bò ó. Igi àkọ́kọ́ fọ́ ọ lẹ́nu, ìkejì ṣẹ́ apá tó fi bo ojú. Wọ́n tì í sínú kòtò yìí, wọ́n ń ju irin lù ú láti òkè, ó sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú apá kan. Nígbà tó jáde, kò sá sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ mi ló rá bọ̀. Ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀ pé èmi ni, síbẹ̀ èmi náà ló sá tọ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ẹ̀jẹ̀ àti eyín tó ti ká pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní dárúkọ yín. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n dúró." Sípánà táyà wà lọ́wọ́ mi. Mo fi gbá a lẹ́yìn etí. Mo tún fi gbá a. Ti àkọ́kọ́, mo lè purọ́ fún yín pé ẹ̀rù ló lù ú. Ìkejì, èmi ni. Ọwọ́ rẹ̀ tú lára ṣòkòtò mi, ìdàrúdàpọ̀ sì pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó pa á. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti fi òòlù fọ́ ojú nọ́ńbà yẹn wẹ́wẹ́, mo sì kó ìyókù fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Alápatà, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. Ọdún mọ́kànlá lo fi ṣẹ̀wọ̀n, o sì gbà lọ́kàn rẹ pé ìwọ lo pa á. O lù ú, ìwọ kọ́ lo pa á. Ìyàwó Elétí náà, ẹ rántí bí ẹ ṣe ń nàka sí i lójú pópó, tí onílé fi kó ẹrù rẹ̀ síta. Ìlú òkèèrè ló kú sí pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọbìnrin wọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é lóṣù tó kọjá, mo sì jẹ́wọ́ fún un lórí ibùsùn mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti ṣe é." Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé mi wá. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó jókòó sẹ́yìn yẹn, èmi náà ni mo pè wọ́n.

Ọmọ Elétí, n kò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ, torí n kò mọ ibi tí ìwọ yóò ti rí i mú. Bí o bá sì rí i, má kọ́kọ́ fún mi, fún alápatà. Ohun tí mo ń bẹ gbogbo yín fún ni pé kí ẹ jáde síta, kí ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bú Elétí pé òun ló mọ iṣẹ́, òun ló sì sọ òtítọ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ṣì kéré, àṣìṣe yóò wá bá yín, torí irin kì í mojú ẹnikẹ́ni. Bó bá dé, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ìtìjú lásán. Ká ní mo jẹ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó gbé etí lé e yẹn ni, ẹ̀rín ni ẹ ò bá fi mí rín, bóyá fún oṣù kan, a ò bá sì yọ ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀rín oṣù kan ni mo sá fún, tí mo fi pa ènìyàn mẹ́wàá.