Igi Ojú Ọ̀nà Tí Mo Fi Dáná

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti òjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. N kò sọ ọ́ fún fádà nígbà tí mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni mo máa ń kà fún un, màá wá gbé èyí tó tóbi padà sílé. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ohun tí bàbá arúgbó kan wá bá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti nítorí pé òjò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Abúlé wa wà lọ́nà Oko-Akarè, nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ yẹn máa ń là débi pé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ń há sínú rẹ̀. Tí òjò bá dé, omi á bo gbogbo rẹ̀, ọ̀nà tó lọ sí ọjà Ikpinlè kò ní hàn mọ́. Àwọn ọlọ́kadà kì í wọ ibẹ̀ lákòókò yẹn. Ẹsẹ̀ ni a fi ń la omi náà kọjá.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Ọ̀nà fi máa ń ri igi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi ń pè é, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Lọ́dọọdún, kí omi tó kún, yóò ri igi ayìn mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, yóò so màrìwò mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà lábẹ́ omi. Bàbá tirẹ̀ náà ló ṣe é kó tó kàn án. Igi karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Bí o kò bá yà níbẹ̀, inú kòtò ni o máa bọ́ sí, kòtò ńlá tí àwọn baba wa ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé.

Òjò ọdún yẹn kò dá. Ẹ̀gẹ́ jẹrà sínú ilẹ̀. Àgbàdo hù lórí igi rẹ̀. Ilé ẹlẹ́rẹ̀ mẹ́ta wó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ògiri ilé ìdáná mi náà sì wó. Ẹyìn tí mo kó jọ kí omi tó dé nìkan ló kù tí a lè fi wá oúnjẹ. Mo ti gbé e kaná, kò tíì jinná, iná sì ń kú. Kò sí igi gbígbẹ kankan lábúlé. Mo ti fi àpótí ìjókòó mi dáná, mo ti fi ọmọ odó dáná.

Ọ̀sán ni mo jáde lọ wá igi. Mo rí igi karùn-ún lójú omi. Igi ayìn, òjò ìbáà pa á títí, inú rẹ̀ á ṣì gbẹ. N kò ní purọ́ fún yín, mo dúró, mo wò ó. Mo mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo ní tí epo bá ti jinná, n ó gé òmíràn wá rì síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo tú màrìwò orí rẹ̀, mo jù ú sómi. Mo fa igi náà tu, mo gbé e relé, mo là á.

Iná náà jó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé inú mi dùn nídìí iná yẹn. Mo tiẹ̀ ń kọrin. Mo ń bu epo lójú omi inú ìkòkò, mo ń sọ fún ara mi pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìdòwú ti lọ sọ́jà Ikpinlè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe epo, òun ló sì di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń rọbí Félísì, àkọ́bí mi. Nígbà tó ń lọ, igi mẹ́jọ ló wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, méje ló kù. Àwọn ọkùnrin fi ọ̀pá wá a títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rí i nínú kòtò náà.

Sàárè tí wọ́n gbẹ́ fún un kò yéé kún. Wọ́n ń fi korobá gbọ́n omi rẹ̀, omi ń padà wá. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbé pósí náà sínú omi bẹ́ẹ̀, ọkùnrin méjì sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà léfòó. Epo tí mo ṣe yẹn ni wọ́n fi se oúnjẹ fún àwọn tó wá sìnkú. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni mí.

Wọ́n ṣe ìpàdé níwájú ilé délégé, olórí abúlé wa. Wọ́n ní Bàbá Ọ̀nà kò ri igi náà dáadáa, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Wọ́n mú màrìwò tí omi gbé wá hàn án. Bàbá gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn.

Ó ní, "Kókó tí mo bá ta kì í tú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló tú èyí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkọ Ìdòwú ní arúgbó náà ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, ọwọ́ tó tú u wà lórí itan mi. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Délégé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Bàbá lójú gbogbo ènìyàn, ó gbé e fún ẹlòmíràn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò lọ síbì kankan. Ó jókòó sílé ìdáná mi, ó ń wò mí. Ọmọbìnrin Ìdòwú ń gbé lọ́dọ̀ mi, màmá ló ń pè mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ọ̀nà wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti rù gan-an, ó ń wúkọ́. Ó ti so màrìwò tútù mọ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Félísì, ọwọ́ tìẹ ṣì lágbára. Bá mi fa kókó yìí, kí n wò ó."

Mo fà á. Ó ní kí n tún fà á. Mo fi gbogbo agbára mi fà á, kò tú.

Bàbá mi orí. Ó ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé ti ọjọ́ yẹn ni n kò ta dáadáa. Bí mo ṣe ta kókó rẹ̀ náà ni mo ṣe ri igi rẹ̀. Èmi ni mo pa Ìdòwú." Ó kí mi pé mo ṣeun, ó sì ń lọ.

N kò pè é padà. Ẹ̀yin ará, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ṣé kí n lọ bá a nílé rẹ̀ ní èmi nìkan? Tàbí níwájú ilé délégé, níbi tí wọ́n ti dójú tì í, ni kí n ti sọ ọ́, kí ọkọ Ìdòwú gbọ́, kí ọmọ tó ń pè mí ní màmá náà gbọ́? Ọkàn mi mọ èyí tó tọ́, ẹsẹ̀ mi ni kò gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Bàbá ń wúkọ́, omi sì ti dé ìdí igi kejì.