Kí Lo Rí Tí Mi Ò Rí?

Ọdún tí ogun parí ni, níbi tí a ti tò fún àkàrà nítòsí wáàfù Àpápá, tí lébìrà méjì ń jiyàn níwájú mi. Èyí àgbà ní:

"Fọ́máànù tó ń bi lébìrà léèrè! Ṣé ó mọṣẹ́ ṣá?"

"Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Láràárọ̀, kí a tó gbẹ́rù, á bi ẹnì kan nínú wa pé, 'Kí lo rí tí mi ò rí?' Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, èmi ló bi. Mo ní okùn kan tí a fi ń gbẹ́rù ti fẹ́ já. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èmi àlejò àná!"

"Ìyẹn nìkan?"

"A ò tíì gbé òkú ẹnikẹ́ni jáde nínú ọkọ̀ rí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀:

"Fọ́máànù yín yẹn, ṣé ó ṣì ń gba èèyàn?"