Irin Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Mùtíátù

"Ẹ jókòó ná. Bí mi ò bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, mi ò lè fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ Mẹ́kà."

Mùtíátù ló sọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ìrìn-àjò Hájì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Zakariyah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti Èkó wá kí i pé ó dàbọ̀, òun àti Mubarakah ìyàwó rẹ̀. Tabitha, ọ̀rẹ́ Mùtíátù tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Hájì a máa tọrọ àforíjì, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àfi bó ṣe ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Zaka, wò ó dáadáa. Kò sí ojú abẹ níbẹ̀. Wọn ò fi irin kankan sí i rí."

Zakariyah wo ọwọ́, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

Ni ìyá bá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé òun àti Tabitha bọ̀ láti Ayépé dojú dé nínú òjò. Ọrùn-ọwọ́ àwọn méjèèjì kán. Ti Mùtíátù kán sínú. Egungun ti Tabitha yọ síta. Kí dókítà tó sọ nǹkan kan, Zakariyah ti pè lórí fóònù láti Èkó: "Màámi, ẹ ní kí wọ́n fi irin tò ó o! Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ yín wọ́. Màá wá owó náà."

Ṣùgbọ́n dókítà jókòó ti Mùtíátù, ó ṣàlàyé: "Màmá, bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ yín á tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá fi pí-ó-pí dì í, á pẹ́ díẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì funfun yẹn, ó sì lè wọ́ díẹ̀. Àmọ́ fún ẹni ọjọ́ orí yín, tí ọdún bá fi máa yí po, ohun tí ọwọ́ lè ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Owó ló yàtọ̀ gan-an. Ti ọ̀rẹ́ yín ni pí-ó-pí nìkan ò lè wò."

Tabitha ò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú; kò sẹ́ni tó máa san owó náà fún un.

"Nígbà tí owó rẹ dé, Zaka, mo ní kí wọ́n di tèmi ní pí-ó-pí, mo sì fi owó náà san iṣẹ́ abẹ Tabitha. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó sọ fún un pé aláàánú kan ló san án. Olè ni mí. Mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ tí o fi ń jẹun lo tà kí owó náà tó pé."

Tabitha figbe ta. "Ìyá Zaka! Ìwọ ni?"

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Èyí tó burú jù ṣì kù. Nígbà tí Zaka rí i pé ọwọ́ mi wọ́, ó ní òun ń lọ bá dókítà jà, pé owó òun gbé. Kí àṣírí má baà tú, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo ní, 'Walláhì, irin wà nínú ẹ̀.' Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bo irọ́! Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ṣe àlùwàlá tí mo dé ọrùn-ọwọ́, ojú a máa tì mí."

Zakariyah dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màámi, ti ọkọ̀ kọ́ ló dùn mí. Mo ti ra òmíràn. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ fi ṣe é fún wọn. Ẹ ò jẹ́ kí n gba láádá ara mi lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá lára ju èébú lọ. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Zakariyah sáré gbá a mú. "Ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Ti ìbúra yẹn, èmi àti Ọlọ́run ni, lórí òkè Áráfà. Ìwọ, dárí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, Màámi. Ọlọ́run á gba Hájì yín."

Mùtíátù yíjú sí Mubarakah. "Ìyàwó mi, bí àánú ẹnì kan bá ṣe ọ́, fi tìẹ ṣe é. Bí tìẹ ò bá tó, bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tí o rò pé á kọ̀ lè máa retí ẹni tí yóò bi í."

Tabitha ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Zakariyah jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ wíwọ́ náà lé itan ara rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.