Koríko Tí Mo Ní Ó Tó

Burulsun, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, jókòó tì mí. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ọdún tí Jekshen ọkọ rẹ, àbúrò ọkọ mi, kú, màlúù mẹ́rin ló fi sílẹ̀ fún ọ, àti pápá koríko etí odò. Pápá yẹn ló wọ̀ mí lójú. Mo ní bí nǹkan bá le fún ọ, wàá kó àwọn ọmọ rẹ padà sílé bàbá rẹ ní Kochkor, pápá á sì di tiwa. Ìkà ni mí, ẹ jẹ́ kí n pe ara mi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ to koríko gbígbẹ tán, o sáré wá bá mi. "Ìyálé mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n. Ṣé á gbé màlúù mi dé ìgbà tí yìnyín á yọ́, àbí kí n pa ọ̀kan kí òtútù tó dé?" Mo ju okùn sórí òkìtì náà, mo fi apá wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n koríko tuntun máa ń wú ni. Àfi kó jókòó, kó fún pọ̀, kéèyàn tó wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀. Mo ní, "Ó tó, á tún ṣẹ́kù. Ta ló ń pa màlúù tó lóyún? O ò gbọ́n ni?" O rẹ́rìn-ín, o dì mọ́ mi.

Koríko tán, yìnyín ṣì bo ilẹ̀. O tún wá, òtútù ti la ètè rẹ. "Ìyálé mi, ẹ yá mi díẹ̀, kí èyí tó lóyún má kú." Koríko wa kún ẹ̀yìn ilé, a fi ìgbẹ́ màlúù tá a fi ń dáná bò ó. Mo wojú rẹ, mo ní, "Tiwa náà ti tán." Háà, ẹnu mi yìí!

O tú koríko inú ibùsùn àwọn ọmọ rẹ fún màlúù náà. O ta okùn sí i lábẹ́ ikùn, o fi gbé e dúró. Ó kú síbẹ̀, tòun toyún, méjì sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà o wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ má bínú, ìyálé mi. Ẹ̀yin wọ̀n ọ́n dáadáa, èmi ni mo ń fún wọn jẹ jù. Mo dójú tì yín." Mo jẹ́ kí o máa bẹ̀ mí.

O ò lọ sí Kochkor. Ẹyọ màlúù kan lo fi bẹ̀rẹ̀, o sì dìde. Báyìí tí àwọn ọmọ tèmi jìnnà, ìwọ lò ń wẹ̀ mí, ìwọ náà lò ń sọ fáwọn ìyàwó tuntun pé, "Ẹ lọ bi ìyálé mi."

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ bá òun wo nǹkan, ó ti gbójú lé yín. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Burulsun, dárí jì mí. Bí o ò bá sì lè ṣe é, má wẹ̀ mí mọ́. Ọwọ́ rẹ rọ̀ jù lára mi, ó ń dùn mí.