Ìdánrawò Ẹnìkan Ṣoṣo

Lọ́dún tí epo wọ́n gógó, nínú ọkọ̀ Pijó tó ń ti Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán, ìyá àgbà kan ń rojọ́ páìpù epo tó gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá fún obìnrin kan tí kò mọ̀ rí.

"Àwọn oníṣẹ́ páìpù wá kọ́ wa bí a ó ṣe sá bó bá bẹ́. Ọ̀gá wọn dé akoto, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní, 'Ẹ̀yin ará àdúgbò.' Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú rẹ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́, Màmá?"

"Wọ́n wà l'Ékòó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún àdúgbò wa, àgádágodo ló ń gbé ibẹ̀. Wọn kì í wálé àfi tí wọ́n bá fẹ́ sìnkú."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní tí a bá gbóòórùn epo, ká má ṣáná, kí oníkálukú jí aládùúgbò rẹ̀ kó tó sá. Ó tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."

"Àwọn wo ló wà lẹ́yìn?"

"Àwọn ewúrẹ́ mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rín.

"Ta ló wá máa jí ẹ̀yin fúnra yín?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbéèrè gidi ni, kí n bá àwọn aládùúgbò mi jíròrò lé e lórí. Orí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo ń sùn báyìí, ọmọ mi. Mo sì ń wọ bàtà sùn."