Ìdajì Wáàsí Tí Búsàrí Gbé Lọ Sílé

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ náà, òjò ńlá sì ń rọ̀, òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri. Kò sí ẹni tí ń da kọnkéré nínú irú òjò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní kí gbogbo lébìrà máa lọ sílé. Ibẹ̀ ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún mi ní ohùn, nítorí n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Alfa wa mọ̀. Ìkìlọ̀ tó wà nínú ìtàn náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ máa bi ara yín léèrè. Ohun tí tọkọtaya ń ṣe nínú yàrá ní àlùbáríkà, haláàlì ni. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú sọ ọ́ di ohun ẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin náà ní Búsàrí. Lébìrà ni bíi tèmi. Wúlẹ́mọ́tù ni ìyàwó rẹ̀, ó ti wà nílé rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Nínú Ramadan tó ṣáájú, Alfa kan wá ṣe wáàsí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Búsàrí jókòó lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, Wúlẹ́mọ́tù sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Alfa ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sáré dìde kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó yín. Òun náà ní ẹ̀tọ́." Ó wá kọjú sí ìkélé, ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má fi ara yín du ọkọ yín, kí àwọn málàíkà má baà ṣépè lé yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́."

Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ọkọ gbé ìdajì kan lọ sílé, ìyàwó gbé ìdajì kejì. Wọn ò kó o papọ̀ rí.

Láti ìgbà náà ni Búsàrí ti ń fi ipá pẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣe tán, Wúlẹ́mọ́tù a mí kanlẹ̀. Kí ni ìmí yẹn ń sọ? Búsàrí kò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "N kò tíì pẹ́ tó."

Níbi iṣẹ́, Kàsúmù tó ń bá wa po kọnkéré fara ti ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Wákàtí kan gbáko ni tèmi," ló wí. "Èyí tó bá dín, eré ọmọdé ni. Ìyàwó Làmídì tó kẹ́rù lọ, kí lẹ rò pé ó lé e?"

A bi í pé ta ló máa ń bá a wo aago. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Búsàrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a tú ká, ó gba ìgò kékeré kan lọ́wọ́ Kàsúmù, omi dúdú tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọkùnrin pẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìdérí kan péré ni Kàsúmù ní kó mu.

Lọ́jọ́ òjò tí mo wí yìí, Búsàrí bá Wúlẹ́mọ́tù nílé, tó ń bó ẹ̀gúsí. Òjò ti dá àwọn ọmọ dúró sí ilé kéú. Búsàrí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù pé kò ní tó kò jẹ́ kó wọn ìdérí kan. Ìdajì ìgò ló mu.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìkélé, ẹ rọra. Ibi tí mo ń lọ kì í ṣe ibi ẹ̀rín.

Àwọn méjèèjì wà lórí ẹní, òjò ń lu páànù. Búsàrí kò dìde. Wúlẹ́mọ́tù kò sọ pé ó tó. Ó gbójú sókè, ó ń ka ìṣó tó yọ lára páànù. Ó ka mọ́kànlélógójì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Ìbàdí ń dùn ún, ó sì ń bẹ̀rù málàíkà. Búsàrí ń bẹ̀rù kí Wúlẹ́mọ́tù má baà kẹ́rù lọ bí ìyàwó Làmídì. Ẹni méjì tí ẹ̀rù ń bà lórí ẹní kan náà, ṣé ẹ rò pé adùn kankan wà níbẹ̀?

Àfi bí àyà Búsàrí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kì í ṣe bí àyà ti í lù nígbà tí a bá gbé sìmẹ́ńtì gòkè. Ó ń lù bí ẹni pé ó fẹ́ já jáde. Ojú rẹ̀ ṣú, ètè rẹ̀ kú tipiri. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Sáádátù, kí ló ṣe yín?"

"Omi."

"Ṣé ẹ fẹ́ mu omi ni?"

"Omi ìwẹ̀. Bí mo bá kú báyìí, inú jánábà ni mo kú sí, láìwẹ ara mi mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n pe Bàbá Ràímì lódìkejì."

"Má tíì pè é. Wẹ̀ mí ná."

Ó ń pe kálímà, ahọ́n rẹ̀ ń lọ́. Wúlẹ́mọ́tù so aṣọ mọ́ra, ó gbé e jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó fa báàkẹ́tì omi òjò tó wà lábẹ́ òrùlé. Ó da omi lé e lórí, ó dà á sápá ọ̀tún, ó dà á sápá òsì.

"Kí lẹ mu?"

"Nítorí tìẹ ni. Kí n lè pẹ́. Ìmí tó o máa ń mí kanlẹ̀ yẹn."

Wúlẹ́mọ́tù gbé ife omi sílẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ pẹ́? Láti ìgbà ìtúnu ààwẹ̀ ni ìbàdí ti ń dùn mí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò sì sọ."

"Ẹ̀rù málàíkà ń bà mí."

"Ìmí yẹn ńkọ́?"

"Ẹ máa ń kọjú sí ògiri kí n tó fa aṣọ bora. Ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó mi, Bàbá Sáádátù. Ọ̀rọ̀ ni kò tó mi."

Nígbà náà ló sáré pe Bàbá Ràímì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò. Nọ́ọ̀sì gbóòórùn ìgò náà tí Wúlẹ́mọ́tù mú dání, ó wo Búsàrí lójú. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ ń bá du ipò?" Ó ní díẹ̀ ló kù kó kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Búsàrí fi sùn síbẹ̀.

Òótọ́ ni Alfa oníwáàsí yẹn sọ, ẹ̀yin ará mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ fún ọ bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó kì í ṣe Kàsúmù, kì í sì í ṣe ìgò. Ẹni tó wà lórí ẹní pẹ̀lú rẹ ni. Ẹ̀yin ìyá, èmi ò gbà pé málàíkà kan ń ṣépè lé obìnrin tó sọ fún ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé ó ti tó, ó ti rẹ òun. Alfa wa ló jókòó yẹn, bí mo bá ṣì í sọ kó dá mi dúró. Ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wò ó.

Kí Ọlọ́run ṣí ẹnu wa sí ara wa. Kí Ó má jẹ́ kí ìtìjú pa wá nínú yàrá wa. Kí Ó má mú wa láìmúrasílẹ̀, kí Ó sì fi ẹsẹ̀ wa lé ọ̀nà tó tọ́. Àmín.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí Búsàrí ṣe nígbà tó dé láti ilé ìwòsàn. Ó da èyí tó kù nínú ìgò náà sí gọ́tà, ó fọwọ́. Ó wọlé, ó jókòó ti Wúlẹ́mọ́tù, ó bù lára ẹ̀gúsí tó wà níwájú rẹ̀, ó ń bá a bó o, ó sì bi í pé báwo ni ọjọ́ rẹ̀ ti rí.